Odò Tí Kò Ní Agbẹjọ́rò

Àwọn ará wa kan nínú ìjọ, tí ìtara Ọlọ́run ń bẹ nínú wọn, a máa wí pé bí òfin bá lè ka odò tàbí igbó sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́, ìbọ̀rìṣà ni a tún mú gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nígbà púpọ̀ ní Ganmo, kò sì tẹ́ wa lọ́rùn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ta ni ó ni ilẹ̀ tí a kọ́ ilé ìsìn wa lé? Kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe àwa katikísì. Àwọn alágbàtọ́jú tí a fi orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ni, òfin sì sọ wọ́n di ẹni kan ṣoṣo tí kì í kú, tí ó lè ra ilẹ̀, tí ó sì lè pe ènìyàn lẹ́jọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tí ń wa wúrà pẹ̀lú. Kò ní ẹran-ara, kò ní ẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ adájọ́ a máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pe èyí ní ìbọ̀rìṣà. Èéṣe tí ẹnu fi ń yà wá nígbà tí ó kan odò?

Ẹ wo odò Ọ̀ṣun. Ilẹ̀ Èkìtì ni ó ti ṣẹ̀, ó sì gba Òṣogbo kọjá, níbi tí àjọ UNESCO ti kọ igbó rẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Nígbà tí àwọn awakùsà ń fọ wúrà nínú àwọn ìṣàn rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, omi náà dà bí ẹrẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan ń bọ ọ́. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ wa níhìn-ín. Onígbàgbọ́, Mùsùlùmí àti abọ̀rìṣà ni ó jọ ń lò ó. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò sì lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ awakùsà, nítorí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá ni òfin 1999 fi ohun àlùmọ́nì sí. Ẹni tí omi rẹ̀ ń bàjẹ́ kò ní àṣẹ. Ẹni tí ó ní àṣẹ kì í mu nínú rẹ̀.

Abala 20 òfin kan náà pàṣẹ kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀ àti igbó. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n abala 6 ti ilẹ̀kùn kóòtù mọ́ ọn, bí baba tí ó fún ọmọ ní ìwé tí ó sì pa fìtílà. Ní 2018, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ṣí fèrèsé díẹ̀: nínú ẹjọ́ tí Centre for Oil Pollution Watch pe NNPC, nítorí epo tí ó dà sínú odò Ineh àti Aku ní ìpínlẹ̀ Abia, ó ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gba ẹjọ́ náà rò. A yọ̀. Síbẹ̀, bí ó bá rẹ ẹgbẹ́, odò dákẹ́.

Uganda ti kọ ẹ̀tọ́ àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí sínú òfin rẹ̀ ní 2019. Ní New Zealand, odò Whanganui di ẹni lójú òfin ní 2017, a sì yan ènìyàn méjì láti jẹ́ ẹnu rẹ̀: ìjọba yan ọ̀kan, àwọn Maori tí odò náà jẹ́ tiwọn yan èkejì. Ní ọdún kan náà, kóòtù kan ní Íńdíà pe Ganges ní ènìyàn ní oṣù kẹta; ní oṣù keje ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá a dúró, lẹ́yìn tí ìjọba béèrè pé bí odò bá kún tí ó gbé ènìyàn lọ, ta ni yóò san án? Ìbéèrè gidi ni. Kí òfin kọ́kọ́ dáhùn rẹ̀ kí ó tó fún odò lórúkọ.

Ní ìhà tiwa, igi ni. Igi irúgbá àti igi òrí, tí àwọn ìyá wa fi tọ́ wa, ni a ń gé sun di èédú. Igi òrí a máa gbà tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó so dáadáa. Ọjọ́ kan ni a fi ń gé e. Mósè kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun tí ó dó ti ìlú gé igi eléso, bí ogun tilẹ̀ le. Àwa tí a kò jagun ń gé e fún àpò èédú. A kò bínú sí tálákà tí ń sun ún nítorí ebi. Ẹni tí ń fi ọkọ̀ ńlá kó o lọ ni kí a kọ́kọ́ mú.

Nítorí náà a ń béèrè lọ́wọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Kwara ní Ìlọrin pé kí odò kọ̀ọ̀kan àti igbó kọ̀ọ̀kan ní ènìyàn méjì tí yóò máa pe ẹjọ́ fún un, ọ̀kan láti ìlú, ọ̀kan láti ìjọba, kí a sì máa san owó agbẹjọ́rò wọn nínú owó ìtanràn. Ní Ganmo, kí ẹni ti ìlú jẹ́ olùkọ́: ó mọ ìwé, kò sì ní èédú láti tà.