Kí Ayọ́kẹ́lẹ́ Yọ́ Kẹ́lẹ́: Èrò Mi Lórí Ìtúnṣe Ọkọ̀ Eré Tòkunbọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti gbogbo ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè Yorùbá, mo kí yín gẹ́gẹ́ bí a ti ń kí ara wa ní Kábà: Okun o! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sí ìkíni yìí. Okun tí à ń wí ni agbára; òkun ni omi ńlá tí ọkọ̀ tòkunbọ̀ là kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lórí méjèèjì ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí: báwo ni ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ṣe lè fi okun kún ọkọ̀ eré tí ó ti òkun bọ̀?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó ra Honda Prelude ọdún 2000, ẹ́ńjìnì lítà 2.2, tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 200 nígbà tí ó wà ní titun. Nígbà tí ó gbé e wá kí mi ní Kábà, ó ti kó owó díẹ̀ jọ tí yóò fi yọ sálẹ́ńsà dànù, kí ọkọ̀ náà lè máa bú bí kìnnìún, tí yóò sì fi ra ríìmù ńlá tí ń dán. Ó pa òwe fún mi pé, "Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé eré tí ajá bá fi ogún ọdún sá, ìrìn fàájì ni fún ẹṣin." Mo ní, "Òótọ́ ni. Jẹ́ kí a wo pátákò ẹṣin rẹ." A bẹ̀rẹ̀ wo táyà ẹ̀yìn. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn àmì DOT ara rẹ̀ ni 3109, èyí tí ó túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 31 ọdún 2009. Táyà náà ti dàgbà tó ọmọ tí ó ń lọ sí iléèwé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti sán.

Kí n tó sọ ohun tí mo sọ fún un, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ méjì. Èkíní ni eré. Eré ni ọmọdé ń ṣe ní àgbàlá, eré náà ni ẹlẹ́sẹ̀ yíyá ń sá ní pápá. Nítorí náà, ìtumọ̀ méjì ni ó wà nínú "ọkọ̀ eré": ọkọ̀ tí ń sáré, àti ọkọ̀ tí a fi ń ṣeré. Èkejì ni ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹ tú u wò: a-, yọ́, kẹ́lẹ́. Ohun tí ń yọ́ rìn ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni. Àwọn tí ó sọ ọkọ̀ náà lórúkọ kò pè é ní abúramúramù. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá yọ sálẹ́ńsà ọkọ̀ rẹ̀ ti ba orúkọ ọkọ̀ náà jẹ́, kò sì rí ìpín gidi kan gbà. Ariwo pọ̀ sí i, agbára ẹ́ńjìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbi tí ó wà.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí: nínú ọkọ̀ eré àlòkù, ibi tí ọkọ̀ ti kan ilẹ̀ ni kí owó kékeré kọ́kọ́ lọ. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò bá di ilẹ̀ mú, agbára ẹṣin 200 kò wúlò fún nǹkan kan ju ìparun lọ. Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt ní ọdún 2007, Dunlop sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Èkó ní ọdún 2008. Láti ìgbà náà, táyà àlòkù láti òkè òkun ti gba ọjà wa kan. Ẹ rántí James Ocholi, ọmọ ìpínlẹ̀ Kogí wa, tí ó jẹ́ mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀ bá ìjàǹbá lọ ní ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sọ pé táyà ọkọ̀ náà ni ó bẹ́ lórí eré. Mínísítà ni, mélòó mélòó ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi?

Lẹ́yìn táyà, bíréèkì ni. Ọ́ìlì bíréèkì a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fa omi mu, ó lè hó ní 155°C. Bí ó bá hó nígbà tí ènìyàn ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ní ọ̀nà Lọ́kọ́ja, tí àjàgbé sìmẹ́ńtì sì wà níwájú, ẹsẹ̀ yóò kàn wọlẹ̀ lásán ni. Ìgò ọ́ìlì tuntun kan kò tó owó sálẹ́ńsà aláriwo. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Ẹ wo ṣọ́ọ̀kù àti àwọn rọ́bà abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n to ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà gún.

Ẹ́ńjìnì ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ dá agbára tí ó ti sọnù padà. Pílọ́ọ̀gì tuntun, àsẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó mọ́, àti ọ́ìlì tí ó péye. Nínú Prelude, agbára ọ́ìlì ni ó ń ti ẹ̀rọ VTEC tí ń jí ẹ́ńjìnì dìde nígbà tí ó bá ń yára. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, oorun ni VTEC yóò máa sùn. Ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì tí ń darí ẹ́ńjìnì náà pẹ̀lú, nítorí bí ó bá já, fáàfù àti písítìnì yóò kọlu ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ dín ẹrù kù. Colin Chapman tí ó dá ilé iṣẹ́ Lotus sílẹ̀ ní England fi ọkọ̀ fífúyẹ́ gba ife-ẹ̀yẹ eré-ìje káàkiri ayé. Àpótí gbohùngbohùn ńlá tí ó wà nínú búùtù, ẹ gbé e jáde, ọ̀fẹ́ ni.

Àwọn kan yóò ní kí ni ọkọ̀ eré ń wá ní ojú ọ̀nà wa tí ó kún fún kòtò. N kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti ṣeré. Ṣùgbọ́n òfin ní 50 ni kí a sá nínú ìlú láàárín wákàtí kan, kìlómítà ni mo ń wí, kì í ṣe máìlì. Eré títẹ̀kọ́ọ̀nà láìyẹsẹ̀ àti eré dídúró nígbà tí a bá ní kó dúró, eré náà ni.

Ọmọ mi gbọ́. Ó ra táyà tuntun mẹ́rin, ó tún bíréèkì ṣe, sálẹ́ńsà sì wà níbi tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ fi í sí. Ní ìgbà tí ó tún wá, mo wà nínú yàrá, n kò gbọ́ ìró ọkọ̀ kankan. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà: "Bàbá, okun o!"

Ayọ́kẹ́lẹ́ ti yọ́ dé.