Ẹ Jẹ́ Kí A Náání Ẹmu àti Adẹ́mu Wa

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá ní ni à ń náání, ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi. Ohun tí ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwa tí a kàwé, àwa tí a ń pe ara wa ní olùkọ́ èdè àti àṣà Yorùbá, ti ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba wa.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi àtàtà kan ní Lokogoma, ní Àbújá. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni àgbègbè náà kí òfin ọdún 1976 tó sọ ọ́ di ara ilẹ̀ olú-ìlú tuntun. Lónìí, ilé ni ó kún ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Gúúsù Áfíríkà dé ni. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti lo ọjọ́ méjì ní Stellenbosch, ìlú ọlọ́gbà àjàrà tí kò jìnnà sí Cape Town. Ó ròyìn títí: ó ní àwọn rìn láàárín àjàrà, wọ́n fi àgbá ọtí hàn àwọn, ẹni tí ó ṣe ọtí náà sì dúró tì wọ́n, ó ń ṣàlàyé. Lẹ́yìn èyí ni ó bu wáìnì fún mi. Mo mu ún, mo dúpẹ́, mo sì bi í pé, “Ọ̀rẹ́ mi, níbo ni a ti lè rí ẹmu ní àdúgbò yìí?” Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹmu kẹ̀! Ṣé ìwọ kò tíì kúrò lóko ni?”

Ní ọjọ́ kejì, a jọ wá ẹmu lọ. A rí ẹnì kan tí ó ń ta á nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì. Omi àti ṣúgà inú rẹ̀ ju ẹmu lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní, “Ǹjẹ́ o rí ohun tí ò ń torí rẹ̀ da ara rẹ láàmú?” N kò jiyàn pé ẹmu náà burú. Ẹni tí ó jẹ̀bi rẹ̀ ni mo bá a jiyàn lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Láti òkè òkun ni àwọn Òyìnbó ilẹ̀ Họ́láǹdì ti gbé àjàrà lọ sí Cape. Ọdún 1659 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ọtí ṣe nínú èso rẹ̀ níbẹ̀. Àlejò ni àjàrà. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gan-an ni orírun rẹ̀. Wọ́n gba àlejò, wọ́n kẹ́ ẹ. Àwa bí ọmọ sílé, a pa á tì.

Bákan náà, wáìnì lè wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ó sì pẹ́ nínú ìgò, síbẹ̀ ènìyàn ń rìnrìn àjò lọ bá a nílé. Ẹmu kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti ń kán sínú agbè ni ìwúkàrà ti ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀: ó dùn ní òwúrọ̀, ó le ní ìrọ̀lẹ́, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí yóò fi kan. Ẹmu kò lẹ́sẹ̀. Àwa ni a lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó jókòó sílé de ẹmu ni ó ń kọ́ ẹlẹ́mu ní bí a ti ń fi ṣúgà bo ìkan mọ́lẹ̀.

Àwọn kan yóò ní mo ń polówó ìmutípara. Rárá o! Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Ọbàtálá, tí ẹmu mú sùn títí Odùduwà fi gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń torí ọtí bú ẹlẹ́mu, tí ó sì gbé wáìnì dání, ohun tí ó le ju ẹmu lọ ni ó ń mu.

Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, ti kọ́ wa lọ́gbọ́n nínú *The Palm-Wine Drinkard*, ìwé tí ó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952, tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sì sọ di eré orí ìtàgé. Ọ̀mùtí inú ìwé náà ní 560,000 ọ̀pẹ nínú oko rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí adẹ́mu rẹ̀ já láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú, gbogbo oko náà di asán. Ìlú àwọn òkú ni ó wá a lọ. Àwa ń kọ́? Adẹ́mu tiwa kò tíì kú, a kò sì wá a dé ìdí ọ̀pẹ.

Mélòó nínú wa, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ni ó lè sọ ìyàtọ̀ láàárín ẹmu àti ògùrọ̀, tàbí bí a ti ń so igbà? Mo dá a lábàá pé kí Ẹ̀ka wa ya òpin ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí a lọ bá adẹ́mu lóko, kí a kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì san owó fún un gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ọ̀rẹ́ mi ti Lokogoma ti gbà láti bá wa lọ. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ àlàyé lẹ́nu ẹni tí ó dá a.