Bàtà Tí Mo Tú Lóru

Ẹ̀yin tí ẹ ṣàkíyèsí pé àpilẹ̀kọ mi ń pẹ́ dé láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ má bínú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo lò ní Ẹdúnàbọ̀n, nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, lórí àga onígi kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. P.O.P. bo ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún láti ìdí ọmọ ìka títí dé àárín itan. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n má ṣe jẹ́ kó dìde dúró lé e. Ẹni tó bá ti bá ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin gbé rí yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e fún mi. N ó sọ ìdí rẹ̀ bó bá yá.

Wọ́n bí ọmọ náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọ̀tún tó yí sínú: àtẹ́lẹsẹ̀ kọjú sí ẹsẹ̀ kejì, gìgísẹ̀ gbé sókè, bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ni yóò máa fi tẹlẹ̀. Nǹkan bí ọmọ kan nínú ẹgbẹ̀rún ni a ń bí bẹ́ẹ̀ káàkiri àgbáyé, ó sì ń bá ọmọkùnrin ní ìlọ́po méjì ju ọmọbìnrin lọ. Kì í ṣe oúnjẹ tí ìyá jẹ ló fà á, kì í ṣe pé ó rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó wà nínú oyún, kì í sì í ṣe pé ọmọ jẹ́ Ìgè. (Ọmọ wa kì í ṣe Ìgè pàápàá, orí ló fi wáyé. Àwọn tó wá kí wa kò kúkú béèrè.)

Ní ilẹ̀ Ifẹ̀ tí a wà yìí, ìtàn Ọbàtálá tó mu ẹmu yó nígbà tó ń mọ ènìyàn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ẹni òrìṣà ni àwọn àgbà ń pe abuké, arọ àti àfín, ọ̀wọ̀ sì wà nínú orúkọ náà: a kì í fi wọ́n ṣẹ̀sín. Mo kọ́ ọ ní yunifásítì, mo sì gba máàkì tó dára lórí rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ni bí orúkọ ọ̀wọ̀ ṣe lè di ìdí láti fọwọ́ lẹ́rán. “Bí Ẹlẹ́dàá ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn,” ni ọ̀kan nínú àwọn àlejò wí, ó sì gbà pé ìtùnú lòun ṣe. Ilé ìwòsàn kékeré kan tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ ní kí wọ́n dúró títí yóò fi pé ọdún kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ yẹn, kí aládùúgbò kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó sọ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yáa gba Ilé-Ifẹ̀ lọ.

Ìlànà tí wọ́n bá níbẹ̀, ní Ilé Ìwòsàn Olùkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ti wà tipẹ́. Ignacio Ponseti ló gbé e kalẹ̀. Ọmọ aláago ni, láti erékùṣù Menorca ní Sípéènì, wọ́n sì bí i ní ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún 1914. Ó tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ wọn, ó sá gba ilẹ̀ Faransé àti Mẹ́síkò kọjá, ó sì dé Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1941. Abẹ ni wọ́n fi ń tún irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe níbẹ̀ nígbà náà. Ẹsẹ̀ a tọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a le gbagidi, a sì máa dun ẹni náà tó bá dàgbà. Ponseti wòye pé ẹsẹ̀ ọmọ tuntun ṣì rọ̀. Ó ń fi ọwọ́ darí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi P.O.P. dè é sójú ibi tó dé, ó ń tú u lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ń tún un darí. Ní 1963 ló tẹ àbájáde rẹ̀ síta. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi kà á sí. Àwọn òbí tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà lára àwọn tó jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Ní 2010, ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn oníṣègùn egungun ní Ilé-Ifẹ̀ kọ̀wé lórí bí ìlànà náà ṣe ń yí iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ yìí padà ní Nàìjíríà, nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn egungun ti Iowa gan-an. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i. Àṣé ọ̀nà Ifẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ìpetumodù ni wọ́n bí Màámi, nínú ìdílé amọ̀kòkò. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé gbogbo èyí fún wọn, wọ́n na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà, wọ́n ní, “Amọ̀ tútù ni. Ẹ tètè lọ kó má baà gbẹ.” Kò sẹ́ni tó tún ní láti bá wọn jiyàn lórí ìdí tí a fi ń lọ sí Ifẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ nìkan ni ìjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀. Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń wẹ ọmọ: omi gbígbóná, kànrìnkàn, òrí, kí wọ́n na apá, kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí wọ́n ju ọmọ sókè kí wọ́n sì han án. Omi kò sì gbọdọ̀ kan P.O.P. Fún Màámi, ọmọ tí a kò wẹ̀ dáadáa ni ọmọ tí a kò fẹ́ràn. Níkẹyìn, wọ́n dá ọgbọ́n kan fúnra wọn: àpótí méjì. Màámi á jókòó lórí ọ̀kan, wọ́n á gbé orí àti àyà ọmọ lé itan. Ẹ̀gbọ́n mi á jókòó lórí èkejì, ẹsẹ̀ ọmọ á wà lórí itan tirẹ̀ pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ. Èyí tó bá kù, wọ́n á fi aṣọ rírin nù ún. P.O.P. mẹ́fà ni wọ́n dè fún un bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kun gìgísẹ̀ rẹ̀ lóògùn, wọ́n gé iṣan tó fà á sókè pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ kékeré, wọ́n sì de èyí tó kẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí iṣan náà lè hù padà, kó sì gùn sí i. Nígbà tí wọ́n tú u, ẹsẹ̀ náà tọ́. Màámi bú sẹ́kún.

Bàtà onírin ló kù. Bàtà méjì ni, ọ̀pá kan so wọ́n pọ̀, ó sì ń mú kí ẹsẹ̀ kọjú síta. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, wákàtí 23 lójúmọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà oorun nìkan, títí ọmọ yóò fi pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí ní ilé Yorùbá. Ọmọ tí ọ̀pá so ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kò ṣeé pọ̀n. Níbo ni ọ̀pá náà yóò gbà? Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ta aṣọ àńkárá lọ́jà, ní láti máa gbé e mọ́ra níwájú bí ẹni gbé igbá. Gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń béèrè irú ìyà tó fi ń jẹ ọmọ.

Ọmọ náà pé ọdún kan àtààbọ̀ nígbà tí mo wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ lọ síbi ìsìnkú ní Ìlọrin, wọ́n fi ọmọ tì mí. Kò sí iná, ooru mú, ó sì ń ké. Ó na ẹsẹ̀ sí mi, ó ní, “Àǹtí, tú u.” Aago méjì òru kọjá. Mo tú u. Ó sùn kíá, èmi náà sì sùn. Kí àwọn aráalé tó dé lọ́jọ́ kejì, mo ti so ó padà, mo sì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ó sùn dáadáa. Òótọ́ ni. Kí ìsinmi mi tó parí, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin.

Nígbà tó pé ọdún mẹ́ta àtààbọ̀, ẹ̀gbẹ́ bàtà rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ju ibòmíràn lọ. Ẹsẹ̀ náà ti ń yí padà sínú. Oníṣègùn sọ pé bí a kò bá tẹra mọ́ bàtà onírin, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n yóò tún de P.O.P. díẹ̀, lẹ́yìn náà wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ: iṣan kan tó ń fa iwájú ẹsẹ̀ sínú, wọn yóò ṣí i nípò lọ sí àárín òkè ẹsẹ̀, kó lè máa fa ẹsẹ̀ sókè tààrà. Oògùn akunilórun ni wọn yóò lò lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú P.O.P., láìtẹlẹ̀.

Bàbá rẹ̀ fẹ́ kí a sọ fún un pé Ifẹ̀ la fẹ́ lọ ra bísíkíìtì. Irọ́ yẹn ni wọ́n fi mú èmi náà lọ gbabẹ́rẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré, n kò sì jẹ bísíkíìtì yẹn mọ́ títí dòní. A kọ̀ fún un. A fi aṣọ àńkárá ṣe ọmọláńgidi, a fi báńdéèjì wé e lẹ́sẹ̀. Mo sọ fún un pé wọn yóò fún un ní oògùn oorun, kò ní mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, ṣùgbọ́n yóò dùn ún tó bá jí, wọn yóò sì fún un ní oògùn ìrora. Mo sọ pé ebi yóò pa á láàárọ̀ ọjọ́ náà nítorí pé kò gbọdọ̀ jẹun kí ó tó sùn. Ó béèrè pé ta ni yóò wà níbẹ̀ nígbà tóun bá jí. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó bi mí nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó síta lórí àga gígùn. Nígbà tí wọ́n ti gbé e wọlé tó nǹkan bí ìdajì wákàtí, mo sọ ọ̀rọ̀ òru ọjọ́sí fún un. Mo ti ń dúró de ìbínú rẹ̀ láti ọdún méjì ààbọ̀. Ó dákẹ́ títí. Ó ní, “Èmi náà máa ń tú u bí ó bá rẹ̀ mí. Mo rò pé èmi nìkan ni.” Nígbà tí a délé, a bi Màámi. Wọ́n ní ṣé àwọn yóò máa wo ọmọ títí tí yóò fi sunkún kú ni? Ẹni mẹ́ta, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń tú u fún alẹ́ kan péré, kò sí ẹni tó sọ fún ẹnì kejì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà wá di tèmi. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló le jù. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìrọ̀rí, kó ga ju àyà lọ, kó má baà wú. Ní wákàtí mélòó kan síra, mo ń tẹ èékánná ọmọ ìka rẹ̀: á di funfun, á sì tún pọ́n padà. Bí kò bá tètè padà, bí ọmọ ìka bá tutù tàbí tí kò lè mì ín, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i láìka oògùn sí, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe àárọ̀ ọ̀la. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, yíyún ló kù. Mo ká a mọ́ ibi tó ti ń wá ọ̀nà láti ti ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kan wọ inú P.O.P., Màámi ló sì ṣẹ́ ẹ fún un. Ọgbẹ́ tí ọwọ̀ bá dá sínú ibi tí ojú kò tó lè kẹ̀ kí a tó gbọ́ òórùn rẹ̀. A fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹnu rẹ̀, a sì ń gbá ìta rẹ̀ pẹ́pẹ́pẹ́, ìyẹn sì tó fún un.

Mo gbìyànjú láti wá Yorùbá tó dára fún P.O.P. nítorí ojú ìwé yìí. Mo hun “ìdè ẹfun” pọ̀, ó sì wù mí. Ọmọ náà ní rárá, igbá Ìjàpá ni. Mo ti pa àlọ́ Ìjàpá fún un débi pé ó ti mọ gbogbo ọ̀nà tí ẹ̀yìn ìjàpá gbà fọ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọn yóò tú ti Ìjàpá náà lọ́jọ́ kan.

Wọ́n tú tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi gé e ń pariwo bí ẹ̀rọ ọlọ, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n ni ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n, kì í yí. Oníṣègùn kọ́kọ́ fi kan àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ kí ọmọ lè rí i pé kò gé e. Ẹsẹ̀ tó jáde rí tẹ́ẹ́rẹ́, awọ rẹ̀ ń ṣí. Wọ́n ti sọ fún wa pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Fún ọjọ́ mélòó kan, kò gbà láti gbé e lélẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ewúrẹ́ kan wọlé wá jẹ iṣu tó wà níwájú rẹ̀, ó dìde, ó lé e dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún náà kéré díẹ̀ sí tòsì, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí. Lánàá, a lọ ra bàtà iléèwé fún un lọ́jà. Mo ní kí oníbàtà fún wa ní ọ̀tún nọ́ńbà 26 àti òsì nọ́ńbà 27. Ó wò mí bí ẹni tó mutí. Ó ní ta ni yóò ra ọ̀kan tó bá kù? A dúnàádúrà títí, kò gbà. A ra bàtà méjèèjì.