Ta ló jọ ta?



Bí a bá kọjá sí Nàìjíríà, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa ni pé: "Ẹ̀yin Nàgó yìí, èdè yín mà jọ Yorùbá o!" Wọ́n fi ń yìn wá ni. Ṣùgbọ́n a ò tíì rí ará Ọ̀yọ́ kan tó dé ọjà Pobè tó ní Yorùbá òun jọ Nàgó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí Táíwò bá jọ Kẹ́hìndé, ṣebí Kẹ́hìndé náà jọ Táíwò?

Àwọn kan ti fi ìṣirò wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1962, Roger Shepard, ará Amẹ́ríkà, fi ìjọra ṣe bí ọ̀nà jíjìn: ohun méjì tó bá jọra, kí wọ́n súnmọ́ra lórí àwòrán. Ó dáa, Pobè sí Sakété kò lè jìn ju Sakété sí Pobè lọ. Ṣùgbọ́n Amos Tversky, ọmọ Ísírẹ́lì, ní 1977, ní ọkàn èèyàn kì í ṣírò bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì jọ ní, a ó rò ó pọ̀. Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá ní, a ó yọ ọ́ kúrò. Èyí tí a kọ́kọ́ dárúkọ la sì máa ń yọ tirẹ̀ jù. Nítorí náà, bí a bá fi èyí tí a ò mọ̀ dáadáa ṣíwájú, ohun tí a ó yọ kò tó nǹkan, ìjọra á wá pọ̀ lójú wa. Ó bi àwọn èèyàn léèrè, ó rọrùn fún wọn láti ní Kòríà Àríwá jọ Ṣáínà ju kí wọ́n ní Ṣáínà jọ Kòríà.

Àwa náà nìyẹn. Odidi Bíbélì Yorùbá ti jáde láti 1884; ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pààlà sáàárín wa. Ìwé àti rédíò pọ̀ sí apá ọ̀hún, tiwa wá di "èyí tó jọ ọ́." Àwọn tó ń to èdè ayé sínú ìwé tilẹ̀ fún Yorùbá ní àmì "yor", wọ́n fún Nàgó ní "nqg". A ò bá wọn jà, iṣẹ́ wọn ni. Àwọn ọmọ wa ló ń dùn wá, tí wọ́n ń ti ẹnu ìyá wọn mọ́lẹ̀ nítorí pé wọ́n rò pé Yorùbá tó bàjẹ́ ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún ní ẹnu yín jọ Yorùbá ní Ìdí-Ìrókò, ẹ sọ fún un pé tirẹ̀ náà jọ Nàgó. Kí ẹ wá wo ojú rẹ̀.