Ta Ló Rí Luang Prabang?

Ọ̀rọ̀ kan ń ká mi lára, n ó sì sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀.

Àwọn kan ń ṣe fáàrí pé ọjọ́ mẹ́wàá péré ni àwọn fi rí orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà. Wọ́n jẹun ní Bangkok, wọ́n sùn ní Hanoi, wọ́n ya fọ́tò ní Angkor Wat, ó di ilé. Irọ́ ni! Pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n rí.

Ẹ jẹ́ kí a mú Luang Prabang ní Láòsì, ìlú kékeré tó wà níbi tí odò Nam Khan ti pàdé Mekong, tí UNESCO kà mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 1995. Láti oṣù Kejìlá 2021 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé ènìyàn láti Vientiane débẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí méjì. N kò bá ọkọ̀ ojú irin jà; ó wúlò fún àwọn onílùú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ni èmi àti aya mi wọ̀ láti Huay Xai. Ọjọ́ méjì la lò lórí Mekong, a sun Pakbeng mọ́jú. (Aya mi ní lórí bẹ́ǹṣì líle yẹn ni òun tó mọ irú ọkọ tí òun fẹ́.) Àwọn ará abúlé ń wọlé pẹ̀lú ẹrù, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ sórí iyanrìn níbi tí kò sí èbúté kankan. Ta ni yóò rí ìyẹn nínú àwọn ihò abẹ́ òkè tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá?

Oúnjẹ wọn ni khao niao, ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, wọ́n á fi ooru sè é nínú apẹ̀rẹ̀ ọparun. Ọwọ́ la fi ń bu ú, a ó rún un, a ó fi tọ́ jeow, ìyẹn ata gígún. Ẹni tó mọ òkèlè bù kò nílò olùkọ́ níbẹ̀.

Ìrẹsì yìí kan náà ni àwọn onílùú ń kúnlẹ̀ fi sínú abọ́ àwọn àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà ní ìdájí, bí wọ́n ti ń kọjá láìwọ bàtà, láìsọ̀rọ̀. Níhìn-ín gan-an ni ìkánjú ti di ìwọ̀sí. Ẹni tó ní ìdájí kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ gbé fọ́tò lọ sílé dandan. Ó ń tan iná kámẹ́rà sójú àlùfáà, ó ń dí olùtọrẹ lọ́nà. Bí àlejò bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí bàbá yín lórí ìkírun, ṣé ẹ ó rẹ́rìn-ín? Ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ kan lè jókòó jìnnà lọ́jọ́ kìíní, kó wòran lásán, kó tó béèrè lọ́wọ́ onílé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Wọ́n á ní, “Ìsinmi wa kéré, físà sì wọ́n.” Òótọ́ ni, pàápàá fún ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ fi ọjọ́ tó kéré náà tò sórí ìlà ní ibodè márùn-ún. Ẹ lo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní George Town, ní Màléṣíà. Mọ́sálásí Kapitan Keling, ṣọ́ọ̀ṣì St George àti tẹ́ḿpìlì àwọn Ṣáínà àti ti Híńdù, ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn ká gbogbo wọn. Ẹ tọ́ asam laksa wò, ọbẹ̀ ẹja tó kan nítorí àjàgbọn. Ẹ jẹ nasi kandar, kí ẹ sì béèrè ìtumọ̀ orúkọ náà: nasi ni ìrẹsì, kandar sì ni ọ̀pá tí àwọn Mùsùlùmí Tamil fi ń ru ìkòkò léjìká kiri nígbà tí wọ́n ń kiri oúnjẹ náà. Ẹni tó ń sáré yóò jẹ ẹ́, kò ní gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó kọ́kọ́ sọ orúkọ ẹnì kan tó se oúnjẹ fún un nínú ìlú márààrún.