Síìlì ló gbó, kì í ṣe gbogbo jáàkì!

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa l'Ókè-Ìmẹ̀sí, Ìjerò, Àràmọ̀kọ̀ àti Ẹ̀fọ̀n! Jáàkì katakata ń jò, wọ́n ní kẹ́ẹ ra odindi tuntun? Àwa ò fara mọ́ ọn! Ta ló ń ju ṣòkòtò nù torí okùn ẹ̀ já? Rọ́bà síìlì ló sábà máa ń gbó, ẹ lè pààrọ̀ ẹ̀ fúnra yín.

Ẹ sọ ohun tó gbé sókè kalẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ti lífà síwá-sẹ́yìn kí agbára ọ́ìlì tán. Ẹ má fọwọ́ wá ibi tó ń jò: ọ́ìlì lè gún awọ wọlé! Ẹ wo bí síìlì àtijọ́ ṣe kọjú, kẹ́ẹ fi tuntun síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan bá ti ha ọ̀pá jáàkì, ẹ pe mẹkáníìkì.