Ìkòkò Kan Ṣoṣo fún Ẹni Tí Ń Dá Gbé

Lóòótọ́ ni pé ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, ṣùgbọ́n ebi tí ń pa olórí ìdílé náà ni ó ń pa ẹni tí ń dá gbé. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí lórí núdù ilẹ̀ Kòríà.

Ní oṣù tí ó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń dá gbé wá bá mi pé orí ń fọ́ òun. Mo wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ga ju bí ó ti yẹ lọ. Mo bi í léèrè ohun tí ó ń jẹ lálẹ́. Ó ní núdù Kòríà tí òun rí nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n ni, pé ó yá á sè, ìkòkò kan ṣoṣo ni òun sì ń fọ̀. Mo ní, "Omi rẹ̀ ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, gbogbo rẹ̀ ni mò ń mu."

N kò sọ pé núdù nìkan ni ó fà á, nítorí ohun tí ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ẹ̀yìn ọ̀rá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú núdù yìí, tí àwọn ará Kòríà ń pè ní ramyeon, ni iyọ̀ inú ọ̀rá rẹ̀ kan ju gíráàmù 4 lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bí ìwọ̀n ṣíbí ìpotíì kan. Abọ́ kan péré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìpín odindi ọjọ́ tán!

Àwọn àgbà kan yóò ní kí a jù ú nù, pé ọ̀lẹ ní í se oúnjẹ nínú ìkòkò kan. Èmi kò bá wọn fohùn ṣọ̀kan. Ṣebí inú ìkòkò kan náà ni a ti ń se àsáró? Ní ọdún 1963, tí Kòríà kò tíì bọ́ nínú ìṣẹ́ tí ogun 1950 sí 1953 dá sílẹ̀, ni ilé-iṣẹ́ Samyang kọ́kọ́ ṣe ramyeon níbẹ̀, kí aráàlú lè rí oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú jẹ. Lónìí, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn agbolé ilẹ̀ náà lọ tí ó jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo. Kò sí ẹ̀bi lára ìkòkò. Ọwọ́ tí ó da gbogbo iyọ̀ sí i, tí kò fi nǹkan gidi kún un, ni kí a bá wí.

Bí ẹ ó ti sè é nìyí. Ẹ gbé omi tí ó lé díẹ̀ ní ìdajì líta kaná. Bí ó bá hó, ẹ gé àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì sí i. Ẹ da ìdajì péré nínú èròjà amọ́bẹ̀dùn inú àpò kékeré náà sí i, kí ẹ má sì tún bu iyọ̀ kún un. Ẹ fi núdù sí i fún bí ìṣẹ́jú 4, kí ẹ fọ́ ẹyin kan lé e, kí ẹ dé e títí ẹyin yóò fi jinná. Ẹ wá wọ́n àlùbọ́sà eléwé sí i, bí àwọn ará Kòríà ti ń ṣe. Ẹ jẹ núdù, ẹ̀fọ́ àti ẹyin rẹ̀, kí ẹ fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó má ṣe jẹ́ ojoojúmọ́ o. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn kíndìnrín, kí ó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán fún ọmọ náà, ó ní, "Ta ni mo fẹ́ máa gé ẹ̀fọ́ fún? Èmi nìkan ni mo wà nílé."

Mo ní, "Ìwọ náà kì í ha ṣe ènìyàn ni?"

Ọ̀rọ̀ náà nìyí, ẹ̀yin ará. Ẹ má dúró de àlejò kí ẹ tó se oúnjẹ tí ó péye. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.